Hóòsì ìdí táǹkì lára Mercedes W123 oní dísù: èwo lẹ máa rà, èwo lẹ máa fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà?

Ẹ́ńjìnnì Mercedes W123 oní dísù kì í tètè kú. Àwọn 200D, 220D, 240D àti 300D tí wọ́n ṣe láàárín 1976 sí 1985 ṣì ń rìn títí dòní. Rọ́bà ló máa ń kọ́kọ́ kú lára wọn, pàápàá hóòsì méjì tó wà ní ìdí táǹkì, lókè àsìlù ẹ̀yìn, níbi tí ojú kì í dé. Ọ̀kan ń gbé epo lọ síwájú, èkejì ń dá èyí tí ẹ́ńjìnnì kò lò padà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì pààrọ̀ wọn rí, ọjọ́ orí wọn ti tó 40 ọdún tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó ti gbà pé òun máa pààrọ̀ wọn ni a kọ èyí fún: ó ti dúró níwájú ọlọ́jà, ọlọ́jà sì ti to oríṣi hóòsì mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀, ó ní gbogbo wọn ló dáa. Kì í ṣe bí hóòsì ṣe nípọn tó lẹ máa fi mú un, kì í sì í ṣe owó rẹ̀. Irú epo tó máa gba inú rẹ̀ kọjá ni, àti bóyá ẹ̀gbẹ́ tí pọ́ǹpù ti ń fà lẹ ń rà á fún, tàbí ẹ̀gbẹ́ tí epo ti ń padà.

Ẹ̀gbẹ́ wo ló ń dà yín láàmú?

Hóòsì tó ń gbé epo lọ kì í jò bí hóòsì omi ṣe ń jò. Pọ́ǹpù kékeré tó wà lára pọ́ǹpù ínjẹ́kṣọ̀n (èyí tó ń ti epo sínú ẹ́ńjìnnì), níwájú lọ́hùn-ún, ló ń fa epo láti táǹkì. Bí hóòsì bá sán, afẹ́fẹ́ á bá ibẹ̀ wọlé. Ihò tí epo kò lè gbà kán sílẹ̀ ṣì gba afẹ́fẹ́ dáadáa. Ìdí nìyí tí abẹ́ ọkọ̀ fi lè gbẹ fúrúfúrú, síbẹ̀ tí ọkọ̀ á máa fi yín ṣeré láàárọ̀ kó tó jí, tí agbára rẹ̀ á sì máa já lórí òkè nígbà tí epo bá ti lọ sílẹ̀. Bí táǹkì bá kún, ìwúwo epo ń bá pọ́ǹpù ṣiṣẹ́. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pọ́ǹpù ló ń dá fà, ibi tó sán á wá máa fi gbogbo ẹnu mu afẹ́fẹ́.

Ẹ wo fílítà oníke kékeré tó mọ́ gaara, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù. Ìhó kan ṣoṣo tó dúró sókè inú rẹ̀, tí kò lọ tí kò bọ̀, kò burú. Èyí tó ń wọlé ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé nígbà tí ẹ bá tẹ epo ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Hóòsì tó ń dá epo padà kì í fi tirẹ̀ pa mọ́. Kò sẹ́ni tó ń fà á, nítorí náà epo ló ń jáde lára rẹ̀: ó máa rin, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn di ẹrẹ̀ dúdú, òórùn dísù á sì gba inú bùútù.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yọ hóòsì tó ń wọ fílítà oníke yẹn, kẹ́ ẹ dí ẹnu èyí tó ń ti ẹ̀yìn bọ̀, kẹ́ ẹ wá fi hóòsì mìíràn so fílítà náà mọ́ kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí dísù tó mọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Bí ìhó bá lọ, ẹ̀yìn ni ẹ̀ṣẹ̀ wà: hóòsì ìdí táǹkì, páìpù irin tàbí sẹ́ẹ́ (asẹ́ epo) inú táǹkì. Bí ìṣòro náà kò bá lọ, ẹ má tíì wọ abẹ́ ọkọ̀; pọ́ǹpù ọwọ́, rọ́bà fílítà ńlá tàbí àwọn hóòsì tín-ín-rín 3.2 mm tó wà lórí ínjẹ́ktọ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ tún ṣí ìdérí táǹkì lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn fún wákàtí kan. Bó bá fa afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú ariwo ńlá, ojú ihò tí táǹkì fi ń mí ti dí. Hóòsì tuntun kò lè wo ìyẹn sàn.

Hóòsì márùn-ún tó wà lọ́jà

NBR àti FKM jẹ́ oríṣi rọ́bà. DIN (ti Jámánì) àti SAE (ti Amẹ́ríkà) ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe hóòsì. Biodiesel ni dísù tí wọ́n fi òróró ewéko tàbí ọ̀rá ẹran ṣe.

| Hóòsì | Dísù lásán | Dísù tó ní biodiesel | Ibi tó ti ń kọ iṣẹ́ |
|---|---|---|---|
| Aláṣọ, NBR nínú (DIN 73379) | Ó dáa | Kì í pẹ́ | Aṣọ ń bo ibi tó sán mọ́lẹ̀ |
| Dúdú dídán, NBR (SAE 30R7) | Ó dáa | Kì í pẹ́ | Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ |
| FKM nínú (SAE 30R9) | Ó dáa gan-an | Òun ló dáa jù | Ó le, kò fẹ́ títẹ̀ |
| Oníke tó mọ́ gaara, PVC | Fún ìdánwò nìkan | Rárá | Ó ń le gbagidi, á yọ kúrò lẹ́nu páìpù |
| Hóòsì omi tàbí sílíkónì | Rárá | Rárá | Ó ń wú, ó ń rọ̀ |

Aláṣọ ni ọkọ̀ yìí bá jáde ní Jámánì: rọ́bà NBR nínú, aṣọ híhun dúdú lẹ́yìn. Ó rọ̀, ó ń gba kọ́nà tóóró tó wà lókè àsìlù láì tẹ̀ pa. Ìwà kan ló ní tí kò dáa: nígbà tí rọ́bà bá ti sán nínú, aṣọ ṣì máa ń dùn ún wò. Ẹ má fi ojú nìkan dá a lẹ́jọ́. Ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń dún gbìgìrì bí ewé gbígbẹ, tàbí tí aṣọ rẹ̀ bá rin, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

R7 àti R9 (SAE 30R7 àti 30R9) ni ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ lé lórí. R7 gba 50 psi (ìwọ̀n agbára tí epo fi ń ti hóòsì láti inú), R9 gba 100 psi, ọlọ́jà á sì sọ fún yín pé ìyẹn ni R9 fi wọ́n. Lára W123, ìyẹn kò kàn yín. Ní ẹ̀gbẹ́ tó ń fà, agbára inú hóòsì kéré sí ti afẹ́fẹ́ ìta pàápàá. Ní ẹ̀gbẹ́ tó ń padà, kò tó nǹkan. Ohun tí owó R9 ń rà ni FKM tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, tí dísù kì í wọ̀ lára, tí biodiesel kì í rọ̀. Bí epo àdúgbò yín kò bá ní biodiesel, R7 gidi tàbí aláṣọ gidi ti tó, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra kílíìpù tó dáa.

Àléébù FKM: ó le. Bí ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ kó lè gba kọ́nà, á rún sínú, ọ̀nà epo á sì há. Ní ẹ̀gbẹ́ tó ń fà, hóòsì tó rún burú ju èyí tó jò lọ, torí kò sí àmì kankan lóde. Ọkọ̀ kàn máa ń rẹ̀ ní eré ńlá ni. FKM inú rẹ̀ tún fẹ́lẹ́. Bí ẹnu páìpù bá ní etí tó mú, ó máa ya á, epo á wá máa jẹ rọ́bà ẹ̀yìn láti inú. R9 tún ní ààlà: ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣe é rì sínú epo. Ọkọ̀ tí hóòsì rẹ̀ wà nínú táǹkì ń fẹ́ R10, èyí tó ṣe é rì sínú epo. Ti W123 wà níta, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta R10 fún yín.

Ojú ń fẹ́ oníke tó mọ́ gaara torí ó ń fi ìhó hàn. Ẹ lò ó fún ọjọ́ kan kẹ́ ẹ fi wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò. Dísù máa ń fọ ohun tó mú kí PVC rọ̀ kúrò lára rẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀ á le, á súnkì, kílíìpù ò sì ní dì í mú mọ́. Hóòsì omi ẹ́ńjìnnì burú ju ìyẹn lọ. EPDM, irú rọ́bà mìíràn, ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, EPDM àti epo kì í gbé pọ̀: á wú, á rọ̀ bí fùfú, á sì já ègé rẹ̀ sínú fílítà. Sílíkónì náà ń wú, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó.

Ibi tí ẹ ń gbé ló máa bá yín mú un

Ní Nàìjíríà, dísù ilé epo kì í ní biodiesel, nítorí náà NBR tó jẹ́ ojúlówó máa ṣiṣẹ́. Ìjà tó wà níbẹ̀ ni ayédèrú hóòsì, àti dísù tí wọ́n da epo òyìnbó mọ́. Èkejì yìí kò pa hóòsì tó bí ó ṣe ń pa pọ́ǹpù ínjẹ́kṣọ̀n, nítorí epo òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ̀. Bó bá jẹ́ Ládípọ̀ ní Èkó tàbí Àrárọ̀mí ní Ìbàdàn lẹ ti ń rà á, ẹ ka ohun tó wà lára hóòsì: orúkọ ẹni tó ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, DIN tàbí SAE, àti ọdún. Èyí tí kò ní àkọlé kankan, ẹ dá a padà. Bí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ gé 5 cm lára rẹ̀, ẹ wọn bó ṣe nípọn tó, ẹ rì í sínú ìgò dísù fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. NBR tó dáa lè fẹ̀ díẹ̀. Èyí tó wú tí ojú fi rí i, tàbí tó sọ dísù di dúdú bí inú ìkòkò, kò gbọdọ̀ dé abẹ́ ọkọ̀.

Bẹlíjíọ̀mù nínú hóòsì? Ẹ má ṣe é. Ẹ lè ra ẹ́ńjìnnì tókúnbọ̀, ẹ lè ra gíà tókúnbọ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà tókúnbọ̀ ti darúgbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ní Bìrìtìkó, òfin EN 590 (òṣùwọ̀n dísù ti Yúróòpù) gba biodiesel 7% nínú dísù, wọ́n sì kọ B7 sára pọ́ǹpù. NBR lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. A ó ṣì mú FKM fún ẹni tí kò fẹ́ tún wọ abẹ́ ọkọ̀ náà láìpẹ́. Ní Amẹ́ríkà, 5% lè wà nínú dísù láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ síbì kankan. Ní Minnesota, B20 (biodiesel 20%) ni wọ́n ń tà nígbà ooru láti 2018. FKM nìkan ni níbẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. 

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n dín imí ọjọ́ inú dísù kù sí 500 ppm (ìdá 500 nínú mílíọ̀nù kan) ní 1993, ọ̀pọ̀ rọ́bà NBR tó ti gbó bẹ̀rẹ̀ sí jò. Bí wọ́n ṣe ń fọ imí ọjọ́ kúrò, wọ́n ń fọ nǹkan mìíràn tó ń mú rọ́bà wú dání. Rọ́bà tí wíwú ti mọ́ lára súnkì, kò sì bo ẹnu páìpù mọ́. Hóòsì àtijọ́ tí kò jò rí lè jò lẹ́yìn tí ẹ bá yí ilé epo padà, láìjẹ́ pé epo tuntun náà burú.

Páìpù irin ńkọ́?

Bí páìpù tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ síwájú kò bá jẹrà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àyíká òkun àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ní òkè òkun ló máa ń jẹ ẹ́, pàápàá lábẹ́ ibi tí wọ́n fi dè é mọ́ ara ọkọ̀. Bẹ́ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, irin tí wọ́n kun lóde ló sún mọ́ ti ilé iṣẹ́ jù, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀páìpù. Bàbà tí wọ́n fi nikẹ́ẹ̀lì 10% lú rọrùn láti fọwọ́ tẹ̀, kì í dípẹtà. A fẹ́ràn rẹ̀ fún dísù lásán. Náílọ́nì PA12 dáa fún ibi tó gùn tó sì tọ́, biodiesel kì í ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ ẹ má gbé e sún mọ́ páìpù èéfín.

Páìpù bàbà fíríìjì tí àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fi dípò kò bójú mu. Bàbà ń mú kí dísù tètè bàjẹ́, kó di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi; lẹ́yìn náà, gbígbọ̀n ọkọ̀ á sọ ọ́ di líle títí tá á fi sán. Irin tí wọ́n fi síńkì bo inú rẹ̀ náà, kó jìnnà.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwúlé díẹ̀ yíká tí hóòsì máa gùn kọjá. Páìpù tí ẹ fi àyùn gé, tó tẹ́jú, kílíìpù kankan kò lè dá hóòsì dúró lórí rẹ̀ pẹ́.

Kílíìpù

Kílíìpù tí wọ́n lu ihò sára bẹ́líìtì rẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́jà, òun ló sì ń ba hóòsì tuntun jẹ́ jù. Bẹ́ ẹ ṣe ń dì í, rọ́bà ń yọ jáde nínú ihò wọ̀nyẹn, etí rẹ̀ ń gé e. Èyí tó kéré, tí bẹ́líìtì rẹ̀ dán, tí etí rẹ̀ yí sókè, tó ní bóòtì àti nọ́ọ̀tì kan, ni kẹ́ ẹ rà. Owó tó fi jù kò tó nǹkan. Ti oníspíríǹgì dáa ní ẹ̀gbẹ́ tó ń padà, ó ń tẹ̀ lé rọ́bà bó bá súnkì. Wáyà? Ẹ jọ̀ọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Kò sí ìdí láti sọ táǹkì kalẹ̀ nítorí hóòsì nìkan. Abẹ́ ni ọwọ́ ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ bí táǹkì fúnra rẹ̀ bá ti dípẹtà nínú, tàbí tí ìdọ̀tí bá ti pọ̀ débi pé sẹ́ẹ́ ń dí léraléra.

Ẹ jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ dé ìdá mẹ́rin táǹkì tàbí kó kéré sí i, kẹ́ ẹ fa èyí tó kù sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ẹ gbé ọkọ̀ lé irin ìdúró méjì lórí ilẹ̀ tó le. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì. Dísù gidi kì í gbiná ní ìwọ̀n ooru tó kéré sí 50°C, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n da pẹtiróòlù mọ́ kò ní dá yín lóhùn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má lo gílóòbù oníná tó ń gbóná lábẹ́ ibẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ẹ fi kálípà wọn ẹnu páìpù, kì í ṣe hóòsì àtijọ́, torí ìyẹn ti wú. Ihò hóòsì gbọ́dọ̀ bá a mu tàbí kó fi 0.5 mm kéré: páìpù 8 mm ń gba hóòsì 7.5 mm. Mítà 1 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó, ó sì ṣẹ́kù. Ẹ fi àmì sára èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ tó yọ wọ́n.

Ìgbà yíyọ ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Hóòsì tó ti lẹ̀, bẹ́ ẹ bá fi pílíyà yí i, ẹnu páìpù táǹkì lè sán, iṣẹ́ kékeré á di ti oníwẹ́dà. Ẹ fi abẹ là á ní gígùn, kẹ́ ẹ bó o kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí abẹ kan irin. Ojú ọgbẹ́ tóóró kan lára irin ti tó kí afẹ́fẹ́ máa bá wọlé.

Bí táǹkì bá ti gbẹ tán, ẹ yọ sẹ́ẹ́ ìdí rẹ̀ náà: sọ́kẹ́ẹ̀tì 46 mm ni. Ẹ fi dísù fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Ìdọ̀tí dúdú tó ń yọ̀ lórí rẹ̀ túmọ̀ sí pé omi ti wà nínú táǹkì. Kòkòrò tí ojú kò rí ló ń gbé níbi tí omi àti dísù ti pàdé.

Ẹ fi abẹ gé hóòsì tuntun, ẹ má lo àyùn, torí ìyẹ̀fun rọ́bà á wọnú rẹ̀. Ẹ fi dísù ra ẹnu páìpù, ẹ ti hóòsì wọlé tó 25 mm, kílíìpù sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìwúlé yẹn, kì í ṣe lórí rẹ̀. Ẹ dì í títí rọ́bà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀ létí kílíìpù, kẹ́ ẹ dúró. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù kankan kún un. Ègé rẹ̀ á lọ dí fílítà. Kí hóòsì má ṣe fara kan àsìlù tàbí páìpù èéfín, kódà nígbà tí ọkọ̀ bá rù tó sì lọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí epo bá ti padà sí táǹkì, ẹ tú orí pọ́ǹpù ọwọ́, ẹ máa pọ̀n ọ́n títí tó fi le lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ dì í padà. Bí abẹ́ pọ́ǹpù náà bá rin, òun náà ń fa afẹ́fẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. W124 oní dísù, Mercedes tó tẹ̀ lé W123, kò ní pọ́ǹpù ọwọ́. Státà lẹ máa fi fa epo, ìṣẹ́jú ààyá 30 lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sinmi ìṣẹ́jú 2 kó má baà jóná.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, rọ́bà tuntun ti fara balẹ̀, kílíìpù á ti tú díẹ̀. Ẹ tún un dì. Ìdọ̀tí tí ẹ rú sókè nínú táǹkì náà á wá sí fílítà oníke láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí náà ẹ fi méjì tuntun àti sukudiráfà sínú bùútù.